Ilé Tí Ń Gbọ́ Àṣẹ

Bí a bá ròyìn fún àwọn ènìyàn pé ilé kan wà tí iná rẹ̀ ń tàn nígbà tí onílé bá sọ̀rọ̀, ojú iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ kò jìnnà sí Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a fi Yunifásítì Tai Solarin sí ní 2005 fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ wo táńkì omi tí ó wà lókè lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ohun kékeré kan máa ń wà nínú irú táńkì bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ omi ń pè ní fúlóòtì. Bí omi bá fà, fúlóòtì a bá omi sọ̀ kalẹ̀, a sì ta iná sí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Bí táńkì bá kún, fúlóòtì a léfòó, a sì já iná náà. Kò sí ẹni tí ó dúró ti súìṣì.

Ohun mẹ́ta ni ó parapọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí: ojú tí ń wòye, òfin tí a fi lélẹ̀, àti ọwọ́ tí ń mú òfin ṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka lásán ni fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kí inú àwọn olùkọ́ dùn pé olùkọ́ wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí. Ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Warren Johnson ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Nígbà òtútù, òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú iná ìmúlémóoru a máa wọ kíláàsì wá wo bí ibẹ̀ ti móoru tó, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tún iná náà ṣe. Ìdíwọ́ yìí sú Johnson. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi agogo pe òṣìṣẹ́ náà, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1883. Ojú ti di ti ẹ̀rọ nígbà náà. Ọwọ́ ṣì jẹ́ ti ènìyàn.

Òtútù ni ó mú Johnson ronú. Ní ilẹ̀ wa, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni, àti owó rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A, àwọn tí a ṣe ìlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ẹ̀rọ omi oníwáàtì 750 tí a gbàgbé fún wákàtí mẹ́rin ti jẹ yúnìtì mẹ́ta, ìyẹn náírà 675 ní iye ìgbà náà, láìka omi tí ó ṣàn dànù.

Ewu kan sì wà tí ó ju owó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ aṣọ lọ́wọ́, NEPA mú iná lọ (a kò tíì yé pe orúkọ NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 2005 ni ó ti kógbá sílé). Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba kíláàsì lọ. Iná dé lẹ́yìn rẹ̀. Súìṣì tí a ń fi fóònù darí lè gba ilé yìí là, ó sì lè ṣàìgbà á là. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí iná bá lọ tí ó sì dé, pípa ni yóò wà títí onílé yóò fi pàṣẹ. Òmíràn a padà sí ipò tí iná ti bá a. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á nìyí, kí a tó bèèrè àwọ̀ àti ẹwà.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí òfin ilé náà ń gbé. Bí ó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun ni, onílé kò ní i lọ́wọ́ tán. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Nest pa ètò tí ń gbé ẹ̀rọ Revolv ró. Àwọn tí ó ti fi nǹkan bí dọ́là 300 ra ẹ̀rọ náà jí bá a ní òkú, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tí òfin rẹ̀ ń gbé inú ilé ni ó sàn, kí ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Èdè ń kọ́? Nígbà tí Echo ti ilé-iṣẹ́ Amazon jáde ní 2014, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́. Ilé tí yóò gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ohùn. “Tan iná” ń pàṣẹ. “Iná tán” ń ròyìn. Ilé tí kò mọ “tan” yàtọ̀ sí “tán” yóò sọ ìròyìn di àṣẹ. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú tún wà nílẹ̀, tí ìyá àgbà kò ní torí ẹ̀rọ fi sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ kì í fi í tú súìṣì ara ògiri dànù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi tuntun sí, kí ìyá àgbà tí ó jí lóru má baà wá fóònù kí ó tó rí ọ̀nà balùwẹ̀.