Ẹ Jẹ́ Ká Wọ̀n Ọ́n Láti Orí Òkúta Kan Náà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún)

  Inú mi dùn pé irun wa ti ń funfun ṣùgbọ́n ariwo ẹnu wa kò dín kù rárá.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí nípa iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni mo ń ṣe. Mi ò wá fọ́nnu níwájú yín o. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò, kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a wà nílé-ẹ̀kọ́, pákó àti T-square la fi ń yàwòrán. Bàbá tó kọ́ wa ní Technical Drawing jókòó síwájú níbí. Ẹ rántí pé wọn kì í jẹ́ ká fa ìlà kejì títí wọn ó fi rí ìlà àkọ́kọ́. Lónìí, kọ̀ǹpútà la ń lò. Èyí tó wà ní ọ́fíìsì mi ni Revit, tó jáde ní ọdún 2000, tí Autodesk sì rà ní 2002. Kì í ṣe ìlà lásán là ń fà nínú rẹ̀. Odidi ilé la ń kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ògiri, òpó àti àtẹ̀gùn. Èmi á ṣe fáìlì tèmi, ẹnjiníà tó ń ṣírò òpó àti ìpìlẹ̀ á ṣe tirẹ̀, onípáìpù á ṣe tirẹ̀. A ó wá so wọ́n mọ́ra, kí olúkúlùkù lè máa rí iṣẹ́ ẹnìkejì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹbí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànrán, gbé iṣẹ́ wá fún wa. Ilé bàbá wọn ti gbó, wọ́n fẹ́ kọ́ òmíràn síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ògiri. Láàárín ilé wọn àti ilé kejì, ọ̀nà tóóró kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Lórí ìwé, ilẹ̀ ẹbí náà ni. Mo kọ́kọ́ ya ilé náà kó jẹ nínú ọ̀nà yìí ní sẹ̀ǹtímítà 45. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́. Ó so ó mọ́ tirẹ̀, ó sì to òpó rẹ̀ tẹ̀lé ògiri mi.

Nígbà tó yá, olórí ẹbí ní kí a fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bí bàbá wọn ṣe fi í sílẹ̀. Mo mú gbogbo àwòrán mi, mo sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 45, mo tún fáìlì fi ránṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sún un.

Nígbà tí ẹnjiníà ṣí i, ó rí i pé ògiri àti òpó kò pàdé mọ́. Ó rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè. Ó fi ọwọ́ fa àwòrán mi padà sórí òpó tirẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo nǹkan ti bára mu. Onípáìpù ní tirẹ̀ so tèmi mọ́ra ní àárín sí àárín. Ṣùgbọ́n páìpù tirẹ̀ gùn dé títì, nítorí náà àárín tirẹ̀ kì í ṣe àárín tèmi. Òun náà fi ọwọ́ fà á títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwa mẹ́ta, ilé mẹ́ta, lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo!

Lọ́jọ́ tí àwọn bíríkìlà ń na okùn, inú fáìlì ẹnjiníà ni wọ́n ti mú ìwọ̀n. Bí wọ́n ṣe kan èèkàn tán, ìyá àgbà kan jáde láti ilé kejì. Wọ́n wo èèkàn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo lẹ fẹ́ ká máa gbé òkú gbà? Ojú ọ̀nà yìí la gbé ọkọ mi gbà jáde." Mo na téèpù. Sẹ̀ǹtímítà 75 ló ṣẹ́kù.

Ẹ má gbàgbé pé ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì. Mi ò sọ pé irú àṣìṣe yìí ló fà á o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó, ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ẹnjiníà náà níṣojú àwọn lébìrà. Ó ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tí ẹ kọ́kọ́ fún mi ni mo tẹ̀ lé." Mi ò gbọ́. Lóru ọjọ́ yẹn ni mo ṣí fáìlì mi méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun, mo wo igun ilé kan náà nínú wọn. Sẹ̀ǹtímítà 45 gééré. Èmi ni. Oorun kò kùn mí mọ́.

Báwo la ṣe tún un ṣe? Ẹ fara balẹ̀, ibi tí iṣẹ́ wà nìyí.

Àkọ́kọ́, a kò fi ọwọ́ fa ohunkóhun mọ́. Bí a bá fi ọwọ́ fa àwòrán tí a so, ojú ara wa nìkan la tàn. Kò yí padà lọ́dọ̀ ẹnìkejì. A ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a sì kọ iye tí igun kan náà ń kà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọ ẹni tó ṣí kúrò.

Èkejì, a fi fáìlì kan ṣe olórí, èyí tó gbé òkúta ààlà tí awọnlẹ̀ rì sínú ilẹ̀. Gbogbo fáìlì yòókù wá gba ipò wọn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Acquire Coordinates ni Revit ń pè é. A yọ gbogbo èyí tí a ti fi ọwọ́ fà, a sì tún wọn so pẹ̀lú By Shared Coordinates. Ẹnjiníà gbé òpó rẹ̀ tẹ̀lé ògiri tuntun.

Ẹ má ṣe ya ilé sórí nọ́ńbà awọnlẹ̀ tààrà o. Ní ìwọ̀n UTM, Erékùṣù Èkó wà níbi bíi 543,000 mítà sí ìlà-oòrùn àti 713,000 sí àríwá. Revit kò sì fẹ́ kí ilé jìnnà ju kìlómítà 16 lọ sí oríkò tirẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ya ilé nítòsí, kí ẹ wá sọ fún un ibi tó wà láyé.

Ẹ tún béèrè irú ìwọ̀n tí awọnlẹ̀ lò. Minna Datum ni ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wa ń lò, WGS 84 sì ni fóònù ń kà. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ l'Ékòó, ilé yín á fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ ṣáko.

Ẹ̀kẹta, òkúta méjì la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bára mu, ilé ṣì lè yí lórí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà la kàn án mọ́lẹ̀ kó má lè rìn mọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Laufenburg, níbi tí Jámánì àti Switzerland ti ń ṣe afárá lórí odò Rhine, òkun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń wọn gíga yàtọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 27 ni ìyàtọ̀ náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́ ni wọ́n ti fi kún un. Ní 2003, wọ́n rí i pé apá kan fi sẹ̀ǹtímítà 54 ga ju èkejì lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọjà kò bá dúró sójú kan, ta ni yóò dé ibẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn lébìrà kan náà jọ. Níṣojú wọn ni mo ti sọ fún ọmọ náà pé, "Má bínú, èmi ni mo sún un." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò tọ́ kí n bẹ òun. Mo ní ó tọ́. A ń ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di òní. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sún nǹkan ní ọ́fíìsì mi, ìbáà ṣe sẹ̀ǹtímítà kan, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn kó tó jáde. Èmi ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin náà.

Ilé náà ti dúró. Sẹ̀ǹtímítà 120 ni ọ̀nà yẹn, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n níṣojú ìyá àgbà.

Bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìlà àkọ́kọ́, ẹ ṣé gan-an ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún fojú kan ara wa ní àmọ́dún.