Ọjọ́ Tí Òfò Bá Ṣẹlẹ̀ Ni Ká Ti Kọ Ọ́ Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ọlọ́jà sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kuje, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin)

 

Ọ̀rọ̀ ìdójútòfò, tí gbogbo wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ni Ìyálọ́jà ní kí n sọ lónìí. Mi ò ní sọ bí a ṣe ń rà á, torí àwọn tó ń tà á ń wá bá wa lọ́jà fúnra wọn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ délẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: bí òfò bá ti ṣẹlẹ̀, báwo la ṣe máa gbé e dé iwájú wọn tí wọ́n á fi gbà á, tí wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí owó tó lè jáde?

A ò ní láti lọ jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú, tó fi mọ́ Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá àgbà iléèwé Bethlehem Girls College. Ilé wó, ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́. Gómìnà Sanwó-Olú dá àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà sílẹ̀. Ìrànwọ́ dára, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣèrànwọ́ ló ń pinnu iye tó máa fúnni àti ìgbà tó máa fúnni. Owó ìnṣọ́ránsì yàtọ̀. Ẹ̀tọ́ ni, bí ìwé rẹ bá pé.

Ẹ rántí iná Balógun ní oṣù Kọkànlá 2019, àti ti ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ní oṣù Kìíní 2020. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, fún ọba. Ìsọ̀ tiwa tó bá jó láìsí ìwé, eérú ló bù sí i.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Èkíní, ẹ̀mí ṣáájú ọjà. Ẹ pe 767 tàbí 112 kí àwọn panápaná lè wá. Tí ara bá ti rọ̀, ẹ pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tàbí alágbàtà yín lọ́jọ́ náà gan-an. Iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi tó wọn létí wà nínú ìwé àdéhùn. Tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa dì mú.

Èkejì, fóònù nìkan kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣe é ní méjì. Kí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́dọ̀ yín, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láì gba nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ òfò yín. Òfò tí kò ní nọ́ńbà, lójú àwọn ará ọ́fíìsì, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ẹ so ìwé panápaná mọ́ ọn, tàbí ti ọlọ́pàá bó bá jẹ́ olè ló jà, pẹ̀lú rìsíìtì ọjà àti fọ́tò. Ẹ má kó àjókù dànù kí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣírò òfò tó dé. Ẹ má sì bù ún. Àpò ìrẹsì mẹ́wàá tó jóná, mẹ́wàá ni kí ẹ kọ. Tí wọ́n bá bá irọ́ kan níbẹ̀, òótọ́ tó kù náà lè bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tó san owó, wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba ẹ̀tọ́ yín tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sí yín létí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan méjì ló máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ọ̀kan ni pé ẹni tí kò bá san owó ìnṣọ́ránsì ṣáájú kò ní ìnṣọ́ránsì. Láti oṣù Kìíní 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó wọn, ti ń fi ọwọ́ líle mú un. Torí náà, rìsíìtì owó tí ẹ san ni kí ẹ tọ́jú jù. Èkejì ni dídín iye ọjà kù. Ká ní ọjà mílíọ̀nù méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá sọ pé mílíọ̀nù kan ni kí owó tí ẹ máa san lè kéré. Bí ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 bá jóná, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n lè san, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250, torí ìdajì ọjà lẹ dójú òfò rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òfin 2010 lórí ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ wà lọ́wọ́ NSITF. Ọ̀gá ló ń san ín, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá farapa, ó ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan sì ni wọ́n ní láti fi béèrè owó náà.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé ńlá kan fún òfò. Bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni, kí olórí ìsọ̀ rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Màá kọ orúkọ, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ àti aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó ṣojú rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà, àti nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Ohun mẹ́sàn-án tí mo kà yìí tó fún ìyẹn. Bí iléeṣẹ́ kan bá wá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, ìwé yẹn la máa gbé lọ fi ẹjọ́ sùn ní NAICOM.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé tí a bá kọ ọjà àwọn sílẹ̀, agbowó-orí á rí i, ọ̀tá á rí i. Mo gbọ́ yín. Òfò la máa kọ, a ò ní kọ èrè. Ẹni tí òfò kò bá ṣe, orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Abẹ́ kọ́kọ́rọ́ Ìyálọ́jà ni ìwé náà á sì máa wà.

Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́, kó mú èsì wá ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìjà iná. Ìwé náà á pẹ́ kó tó ní àkọsílẹ̀ o. Àmín.