Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Iṣẹ́ Akọ̀wé àti Ẹ̀kọ́ Kamina

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá ìjọ sọ níbi àjọ̀dún Júbílì)

  

Wọ́n ní kí àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ akọ̀wé bá ìjọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo nínú: ìwé ni a ń kọ, fáìlì ni a ń tò, àlejò ni a ń gbà, iṣẹ́ ọ̀gá ni a ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà ní Kamina, nítòsí Atakpamé níhìn-ín, tí ó fi bí iṣẹ́ náà ti wúwo tó hàn.

Ní 1911 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iléeṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí Kamina. Telefunken ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe, Anton Codelli, ẹnjiníà tí ó wá láti Ljubljana, ni ó sì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé òpó irin gíga nàró, kí ọ̀rọ̀ lè máa gba ojú sánmà láti Nauen, nítòsí Berlin, ọ̀nà tí ó lé ní 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní August 1914, iṣẹ́ 229 ni ó gba ibẹ̀ kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní òru 24 mọ́ 25 August, bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ń súnmọ́ tòsí, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó o. Ní 26 August, wọ́n túúbá. Àwókù rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀. Òpó irin kì í kọ̀wé. Nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó tẹ́tí sí ìró kúkúrú àti ìró gígùn, kí ó sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Bí ó bá ṣi ọ̀kan kọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìtàn rántí ẹnjiníà. Ta ni ó ń dárúkọ ẹni tí ó kọ iṣẹ́ sílẹ̀? A kò wá yin ogun. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé: bí àwọn yẹn bá fi irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ogun, báwo ni ó ti yẹ kí àwa jẹ́ iṣẹ́ ìgbàlà?

Ìwé Mímọ́ kò gbàgbé akọ̀wé. Tértíù ni ó bá Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, ó sì kí ìjọ níbẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ọba sun ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu Wòlíì Jeremáyà, Bárúkù tún jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nínú Ìwé Òfin Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi lélẹ̀ ní 1983, òfin 535 pàṣẹ pé kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìsàmì, ti ìgbéyàwó àti ti olóògbé. Òfin 877 ní kí a kọ orúkọ ẹni tí a sàmì fún láìjáfara, pẹ̀lú orúkọ òbí, ti alágbàtọ́ àti ti ẹni tí ó ṣe ìsàmì, ibi tí a ti ṣe é àti ọjọ́ rẹ̀.

Láìjáfara! Ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wa wí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá gba ìwé ẹ̀rí ìsàmì, ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́. A ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, a kò rí orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní, “Ṣé n kì í ṣe ọmọ ìjọ ni?” Ọwọ́ wa ni àṣìṣe ti wá: ní ọjọ́ ìsàmì rẹ̀, orí ìwé pélébé ni a kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, a ní a ó dà á kọ lọ́la. Ìwé pélébé sọnù. Ìyá tí ó gbé e síwájú àlùfáà ní ọjọ́ náà ṣì wà láàyè. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ó yọ wá, nítorí òfin 876 gba ẹ̀rí ẹnìkan tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Bí ìyá náà bá ti kú ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wa, ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ti ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ òní di ti ọ̀la. Ẹ má ṣe gba owó ẹ̀yìn kí ẹ tó wá fáìlì tálákà. Àṣírí tí ó bá kọjá lórí tábìlì yín, kí ó má ṣe dé ọjà.

Ẹ̀yin ìjọ náà, ẹ má ṣe fojú di ẹni tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òfin 1286 ní kí a san owó iṣẹ́ tí ó tọ́ fún òṣìṣẹ́, kí ó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀.

Àwọn bàbá wa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òpó Kamina ti wó. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fi òtítọ́ kọ sínú ìwé ìjọ yóò jẹ́rìí fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kí Ọlọ́run kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé ìyè, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.