Ìlera Loògùn Ọrọ̀: Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Ṣàn Nínú Ara Wa

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún)

Ẹ ní kí n wá sọ ìdí tí a fi ń pariwo pé kí ẹ máa yẹ ìfúnpá wò.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì epo oní-lítà 25 ṣe àpẹẹrẹ. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ pé epo ló ń rọ, ìṣẹ́jú 5 péré ni kẹ́ẹ̀gì yẹn á fi kún. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wa kò ju bíi lítà 5 náà lọ. Òun kan náà ló ń lọ, tó ń bọ̀. Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, kò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ̀jẹ̀ kì í dédé ṣàn. Ọkàn ló ń tì í, bí pọ́ǹpù ṣe ń ti omi. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni ìfúnpá. Bí wọ́n bá ní 120/80, ti òkè ni ìgbà tí ọkàn fún, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tó dẹwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Ní nǹkan bí ọdún 1840, dókítà ará Faransé kan, Jean Poiseuille, fi àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹ mú ọ̀pá méjì tó gùn bákan náà, kí ihò ọ̀kan jẹ́ ìdajì ti èkejì, kí ẹ sì fi agbára kan náà ti omi gba inú wọn. Nígbà tí èyí tó fẹ̀ bá fi kún ife 16, ẹ lè rò pé èkejì á kún ife 8. Rárá o! Ife 1 péré ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ara. Bí àwọn iṣan kéékèèké bá fún, kódà díẹ̀, ọkàn á ní láti tì kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ọpọlọ àti kíndìnrín. Iyọ̀ àpọ̀jù tún ń dá omi dúró sára, ẹ̀jẹ̀ á wá pọ̀ sí i nínú iṣan. Ẹ má gbàgbé pé iyọ̀ wà nínú magí náà.

Ọkàn kì í sì pariwo. Á máa fi agbára kún agbára, bí oníṣòwò tó ń fi owó èlé bo àdánù, títí gbèsè á fi dé. Iṣan inú ọpọlọ lè bẹ́, ó sì lè dí: rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò ṣí ìsọ̀? Ta ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ?

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Orí ò fọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?" Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni. Oògùn ló mú nọ́ńbà wálẹ̀. Bí ẹ bá pa á tì, ó lè tún gòkè. Ẹ má dá a dúró àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ má sì lo ti aládùúgbò.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ìfúnpá wò, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Bí apá bá rọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tètè rí dókítà.

Gbogbo wa la ní ìwé tí a fi ń kọ owó àjẹṣẹ́kù. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún nọ́ńbà ìfúnpá yín. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.