Ìwé Ìròyìn Wo Ni Owó Ìjọba Tọ́ Sí?

 

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní kí a lọ béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba fún àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn wa yìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ní Kánádà, ìjọba ń gbé nínú owó oṣù àwọn akọ̀ròyìn. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Àmọ́ kí a tó na ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó tọ́ sí lọ́hùn-ún. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ní bírò ìjọba, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn.

Ní Benin níbí, ẹni tó bá gba òṣìṣẹ́ ń san VPS fún ìjọba, ìdá 4 nínú 100 owó oṣù. Ti Kánádà gba ọ̀nà mìíràn. Owó oṣù akọ̀ròyìn ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí wọ́n máa yọ kúrò nínú owó orí ilé iṣẹ́ ìròyìn. Bí owó orí náà kò bá tó yọ, ìjọba á san ìyókù fún wọn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2019: ìdá 25 nínú 100, lórí owó ọdún kan tí kò ju dọ́là Kánádà 55,000 lọ fún òṣìṣẹ́ kan. Òkè rẹ̀ jẹ́ 13,750. Láti 2023 dé 2026, wọ́n gbé e dé ìdá 35 lórí 85,000, ìyẹn 29,750. Québec náà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Owó ńlá ni, ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fi há. Ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn agbowó-orí pé iṣẹ́ ìròyìn ni òun ń ṣe. Ìgbìmọ̀ olómìnira kan ló ń yẹ ohun tí wọ́n ń kọ wò, tó sì ń dá àwọn agbowó-orí nímọ̀ràn. Ìròyìn tí wọ́n fúnra wọn wá rí ni kó pọ̀ jù níbẹ̀, nípa ohun tó kan gbogbo ìlú, títí kan bí àwọn aláṣẹ ṣe ń ṣèpinnu. Bọ́ọ̀lù nìkan kò tó, fàájì nìkan kò tó. Ó kéré tán, akọ̀ròyìn méjì tí wọn kì í ṣe ẹbí olówó ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó ọ̀gá àti ọmọ rẹ̀ kò lè di méjì yẹn. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.)

Wọ́n á wá yẹ òṣìṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 26 lọ́sẹ̀? Ṣé ó tó ọ̀sẹ̀ 40 léraléra tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà? Ṣé ìdá 75 nínú 100 àkókò rẹ̀ ló ń lọ sórí ìròyìn? Awakọ̀ àti ẹni tó ń wá ìpolówó kò sí nínú ìṣirò. Bí ìrànwọ́ mìíràn bá sì ti san apá kan owó oṣù, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò. Àwa fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí ní bírò kan tí a kò ní dárúkọ, a ti rí ìwé owó oṣù tí orúkọ ẹni tó ti lọ sí Èkó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti kàn wá. Òfin náà ní ìwé ìròyìn tó bá gbájú mọ́ gbígbé ẹgbẹ́ kan lárugẹ, tàbí ríròyìn ohun tí ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe, kò ní í gbà. Èyí tó bá ń kọ̀wé fún ìjọba náà, bákan náà ni. Tí ó bá jẹ́ Kánádà ni a wà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá wa padà! Oyè jíjẹ, ìpàdé, owó ẹgbẹ́ ni à ń kọ. Kò burú, ohun tí a dá a sílẹ̀ fún nìyẹn. Àmọ́ kí ló kan ará ìlú tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa tí a ó fi ní kó sanwó rẹ̀?

Àwọn kan lọ́hùn-ún ń sọ pé akọ̀ròyìn tí ìjọba ń bọ́ kò ní lè sọ òótọ́ nípa ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀n. Síbẹ̀, ìlànà tí gbogbo ènìyàn lè kà, tí wọ́n sì lè ṣírò, sàn lójú tiwa ju owó tí olóṣèlú kan fi ránṣẹ́ nígbà tí ìbò bá kù díẹ̀.

Ohun tí àwa rò nìyí. Kí owó ẹgbẹ́ máa gbọ́ bùkátà ìwé yìí lọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ìwé ìròyìn ní èdè wa fún Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, kí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́tọ̀: akọ̀ròyìn méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, kí wọ́n gba owó oṣù, kí orúkọ wọn wà ní CNSS, kí wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé. Ẹ̀yin orí adé, a fi ọ̀wọ̀ béèrè: bí wọ́n bá fẹ́ kọ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàfin, ṣé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́? Bí ẹ bá ní rárá, kí a má wulẹ̀ gbé ìwé béèrè owó lọ síbì kankan.

Kí akápò mú iye tí títẹ ìwé yìí ń ná wa wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú orúkọ ẹni méjì wá. Ìdáhùn ààfin náà, à ń retí rẹ̀.