Ilẹ̀ Àpáàdì ní Ilé-Ifẹ̀


Bí àlejò bá wọ Ilé-Ifẹ̀, a máa ń sáré mú un lọ sí ààfin Ọọ̀ni, sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, àti sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tí ó ga ju mítà 5 lọ, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń dùn mí ni ohun tí àlejò àti onílé jọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa tò ní òòró, ní ìlà-ìlà, tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ní Ìta Yemòó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kan ère idẹ ní ọdún 1957, a ṣe òrùlé bo ọ̀kan. Àwọn yòókù ńkọ́? Ọ̀gbàrá ń hú wọn, dígà ń fọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé ni a ń gbẹ́ ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 tí a fi rí àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn! Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tí yóò kọ́lé láàárín ìlú ránṣẹ́ pe àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́.