Ìdílé Kan Nínú Ìjàgbara: Ilé, Ẹ̀wọ̀n àti Ilẹ̀ Àjèjì

Ìwé ìrántí ìdílé, ìyẹn ìwé tí ọmọ ilé fi ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ṣojú òun àti àwọn òbí rẹ̀, ló pa ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ìjàgbara Yorùbá mọ́, nítorí pé ohun tó ń dun ìjọba kì í sábà wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba. Nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1981, òǹkàwé rí ọmọdé kan, ìyẹn Ṣóyínká fúnra rẹ̀, tó ń jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí ìyá rẹ̀ wà lára wọn, nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìbátan ìdílé Ṣóyínká, láti kọ owó orí tí wọ́n bù fún obìnrin. Ìjà náà le débi pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Abẹ́òkúta, fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní Òṣogbo kí ó tó padà ní 1950. Ọba pàápàá tọ́ ìyà àìlèwọlé wò.

Fúnmiláyọ̀ náà rí tirẹ̀, torí pé ní 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí ó lè rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ láti ojú fèrèsé, kò sì gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù Igbe 1978.

Lábẹ́ ìjọba ológun Abacha, Beko, ọmọ Fúnmiláyọ̀ mìíràn, wà lẹ́wọ̀n láti 1995 di 1998, nígbà tí Ṣóyínká ti gun alùpùpù sá kọjá ààlà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Bélú 1994. Ní 1997 wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí orílẹ̀-èdè, èyí tí ìdájọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ikú, kàn án lẹ́yìn, kò sì fojú kan ilé títí di oṣù Ọ̀wàrà 1998.

Àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ sọ púpọ̀ nípa ẹni tó sá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n sọ nípa ìyàwó tó ń dá ọmọ tọ́, tàbí ẹni tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ nílé nígbà tí kò lè dé. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, orí wọn ti funfun. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí yóò jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, tí yóò béèrè orúkọ, ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde, kí ẹ̀dà ohùn náà sì wà ní ilé ìkàwé yunifásítì kan nílé.